Ìyá Àgbà Mi, Olùkọ́ Ẹnà ní Fori

Orí tábìlì tí Ìyá Àgbà mi ti máa ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni mo ti ń kọ èyí, nínú ilé wọn ní Fori, Maiduguri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí a ti sin wọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni wọ́n jókòó láti wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì dìde mọ́. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti lọ, bàbá mi ti padà sí Ìlọrin, èmi nìkan ló kù tí mò ń di ẹrù. Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ohun tí pásítọ̀ kà lọ́jọ́ ìsìnkú kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ka ọdún tí wọ́n bí wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún, ọdún tí wọ́n dé Maiduguri gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, àti ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní yunifásítì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹni tí mo mọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé irú ìṣirò wo ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, ìdáhùn wọn kì í gùn: “Ẹnà ni.” Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe eré. Bí èèyàn ṣe ń fi nọ́ńbà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má lè kà á, àti bí ẹlòmíràn ṣe ń tú u, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jẹun nìyẹn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Wọ́n ní ojú ọ̀nà odò ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin a máa sọ ẹnà láàárín ara wọn kí ìyá wọn má baà gbọ́. “Mogo fẹ́gẹ́ jẹgẹ,” wọ́n á wí, ìyẹn “Mo fẹ́ jẹ”, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá wọn fi ń dákẹ́ tó ń ro ọkà. Ní ọjọ́ kẹrin, láì wẹ̀yìn, ìyá náà dá wọn lóhùn: “Ogo kògò nígí jẹgẹ.” Ìyá Àgbà mi ní ẹ̀rù ba àwọn, inú àwọn sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìyá àwọn kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti sọ ìtàn yìí tán, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fi dì í: “Ẹni tó bá ní sùúrù láti gbọ́ ni ẹnà ń já fún.”

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú tí bàbá mi gbé mi wá fún wọn. Kí n tó pé ọmọ ọdún méje, Hausa ti gba ẹnu mi tán. Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ Yorùbá ní àdúgbò wa? Mo lè wọlé láti ibi eré kí n ní, “Mama, ina jin yunwa,” wọ́n á sì máa ka ìwé wọn lọ bí ẹni tí kò gbọ́ pé ebi ń pa ọmọ. Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ya àpótí kan sórí páálí, wọ́n pín in sí yàrá márùndínlọ́gbọ̀n, márùn-ún lóròó, márùn-ún níbùú, wọ́n kọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá sínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Wọ́n fi yangàn fún mi pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, pé bó bá dé inú àpótí yẹn, méjì gbọ́dọ̀ há mọ́ yàrá kan. “Tiwa jókòó sínú rẹ̀ rẹ́gí,” ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà, ipò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí náà, sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ mọ ìkòkò tí ẹran wà nínú rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ tú u sí Yorùbá.

Lọ́jọ́ kan, ohun tí mo tú jáde ni “igba wa lẹyin ilẹkun”. Mo wá igbá títí, mo tú gbogbo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀rá kan tí ìgbá wà nínú rẹ̀ ni mo rí, ìgbá tí à ń jẹ, tí Hausa ń pè ní gauta. Mo jókòó, mo sunkún. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní nọ́ńbà wọn parọ́ fún mi. Wọ́n bu ìgbá kan jẹ, wọ́n fún mi ní ààbọ̀ rẹ̀. “Àdùkẹ́, nọ́ńbà kì í parọ́. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ tán.”

Nígbà tí wàhálà àwọn tó ń ju bọ́ǹbù wá gba ìlú, mo ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Èèyàn kì í sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti rẹ òun lásìkò yẹn. Ó kàn ń rẹ̀ ọ́ ni. À ń tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó yẹ̀ wá lára wò. À ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kéké ká gbé ọwọ́ sókè kọjá níwájú àwọn ṣọ́jà, ká tún wọlé. Bí ohun kan bá dún, Ìyá Àgbà á gbé bírò wọn sókè, wọ́n á dúró bóyá ìkejì á dún, wọ́n á sì máa bá máàkì wọn lọ. Kíláàsì wọn ń dín kù. Àwọn kan sá lọ sí Kano, àwọn kan a ò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣì ń pe gbogbo orúkọ inú ìwé wọn, títí kan àwọn tí kò dáhùn láti oṣù bíi mélòó kan. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ìlà pa àwọn yẹn rẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ ọ̀rọ̀ àìtọ́. “Bóyá ó kàn pẹ́ ni.”

Bàbá mi kò fara mọ́ gbogbo èyí. Àkọ́bí wọn ni, ó sì jọ wọ́n nínú oríkunkun. Bí ìròyìn bá ti jáde pé nǹkan dún ní Maiduguri, fóònù á pariwo.

“Màámi, ẹ di ẹrù yín. Ẹ gbé Àdùkẹ́ bọ̀.”

“Ta ló máa wá kọ́ wọn?”

“Màámi, ìjọba á rí ẹlòmíràn.”

“Ẹlòmíràn náà ní ìyá. Ìyá tirẹ̀ ńkọ́, kò ní sọ fún un pé kó má wá ni?”

Wọ́n á sì gé fóònù. Nígbà tó yá, kò sí fóònù tí ẹnikẹ́ni lè gé mọ́, wọ́n ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ìlú. Bàbá mi wá fi lẹ́tà rán awakọ̀ kan, ìbínú ló kún inú rẹ̀. Ìlà nọ́ńbà méjì péré ni Ìyá Àgbà fi dá a lóhùn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Bàbá mi rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀yìn ìsìnkú ló yọ ọ́ jáde nínú àpò rẹ̀, tó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń kà á han òun. Mo mú bírò, mo tú u lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni: “Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Àgbà mi jẹ́, ọ̀rọ̀ Bukar ni kó gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni Bukar, ẹ̀yà Kanuri, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Lamisula. Yá Falmata ni à ń pe ìyá náà, ó ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà. Ọdún àṣejáde ni Bukar wà. Iṣẹ́ tí Ìyá Àgbà fún un ni pé kó ṣe ẹnà kan tí àwọn alára kò ní lè tú. Ó fi ẹyẹ ẹtù kan ta tẹ́tẹ́ pé wọn ò ní lè tú u. Ó ti parí rẹ̀, ojú ewé méjì tó kún fún nọ́ńbà, Monday ni kó gbé e wá. Ní Saturday, bọ́ǹbù dún níhà àdúgbò Custom. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ṣọ́jà ti dé Lamisula, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jáde nílé. Wọ́n tú àpò Bukar, wọ́n bá ìwé nọ́ńbà yẹn níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni Yá Falmata fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí kéké kò tíì máa ná. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Malama, ìyẹn olùkọ́, ni gbogbo wọn ń pe Ìyá Àgbà.

“Malama, torí ìwé ni wọ́n ṣe mú un. Ìwé tẹ́ ẹ fún un.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Ìyá Àgbà wọ bàtà wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó lábẹ́ igi dógóyárò níwájú ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí, tí àwọn ṣọ́jà ń lé wọn. Mo gbé omi àti búrẹ́dì tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ kẹrin, ìdí nìyí tí mo fi wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àwọn ṣọ́jà náà ní kí wọ́n mú wa wọlé. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

“Mama, dem say na you be him teacher. Oya, read am make I hear.”

Ìyá Àgbà gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, nítorí awọ ti ń bo ojú wọn nígbà yẹn. Wọ́n gbé e sílẹ̀.

“Mi ò lè kà á.”

Ọ̀gá náà ní Bukar ti ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fáwọn, pé ó tiẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú àwọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yé nínú àwọn. Lójú tòun, ẹni tó mọ nọ́ńbà dáadáa lè mú kó sọ ohunkóhun tó bá wù ú.

“Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi,” ni Ìyá Àgbà wí. “Nítorí náà, ohun tó sọ fún yín, ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n da nọ́ńbà yìí kọ, kí n gbé e lọ sílé. Bí mo bá tú u, tí tèmi sì bá tirẹ̀ mu, ṣé ẹ ó gbà? Kò rí mi, èmi náà kò rí i.”

“Tí kò bá wá bára mu ńkọ́?”

Ìyá Àgbà yọ bírò, wọ́n ní kí n da nọ́ńbà náà kọ. Ọ̀gá náà fún wọn di ọjọ́ Friday. Wednesday là ń ṣe.

Yá Falmata tẹ̀ lé wa wálé, ó jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, ó ń gún fìlà rẹ̀ lọ. Èmi ni ojú Ìyá Àgbà. Mò ń ka nọ́ńbà síta, wọ́n ń kọ ọ́ gàdàgbà. Gbogbo ọjọ́ yẹn, kíkà la fi ṣe. Wọ́n ní Hausa ni Bukar máa fi kọ ọ́, lẹ́tà “a” sì pọ̀ nínú Hausa ju gbogbo lẹ́tà lọ; bí ẹnà bá rọrùn, nọ́ńbà kan á pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, òun náà sì ni “a”. A kà á títí, kò sí nọ́ńbà tó yọrí. Ìyá Àgbà bọ́ gíláàsì wọn. Wọ́n ní ọmọ náà ti mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan, ó ń fi nọ́ńbà lẹ́tà rẹ̀ (A ni ọ̀kan, B ni méjì) lọ́kọ̀ọ̀kan kún ti iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́, bó bá dé ìparí ọ̀rọ̀ náà, á tún padà síbẹ̀rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, “a” ti ibí kò ní jọ “a” ti ọ̀hún. Láìmọ ọ̀rọ̀ yẹn, a kàn ń ṣe wàhálà lásán ni.

“Mo kọ́ ọ dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ,” ni wọ́n wí, tí wọ́n dojú bolẹ̀.

Ní Thursday, wọn ò fọwọ́ kan nọ́ńbà rárá. Wọ́n ní kí n fa báàgì abẹ́ ibùsùn jáde, ìwé ìdánwò ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ṣa ti Bukar jáde, mo tò ó sílẹ̀. Wọ́n ní kí n ka ohun tó wà lókè pátápátá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bismillahi. Bismillahi. Lórí gbogbo rẹ̀, ní igun òkè, kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ pàápàá.

“Ọmọ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láìjẹ́ pé ó kọ ọ́,” ni Ìyá Àgbà mi, màmá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wí. “Jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà tó ṣáájú, ká wo ohun tó máa kù.”

Nọ́ńbà kìíní, mẹ́jọ. B jẹ́ méjì. Ó ku mẹ́fà, lẹ́tà F. Nọ́ńbà kejì, mẹ́wàá. I jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó ku ọ̀kan, A. Ìkẹta, márùn-ún, kò tó ohun tí a fẹ́ yọ. A fi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iye lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, kún un, a yọ mọ́kàndínlógún ti S, ó ku méjìlá, L. Nígbà tí a dé ìkeje, mo ka àwọn lẹ́tà náà pọ̀, mo sì ké e síta láìronú:

“Falmata!”

“Na’am?” ni ìyá Bukar dáhùn láti orí ẹní.

Ìyá Àgbà mi fọwọ́ bo ojú. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní, “Orúkọ rẹ ló fi tì í pa, Falmata.”

Ìyókù kò pẹ́ jáde. Ohun tí Bukar kọ ni pé: Malama, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ ti borí mi. Ẹtù náà wà lágbàlá ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mi ò tíì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A sọ ọ́ fún Yá Falmata ṣá. “Ẹtù tèmi?” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo ní ìṣirò Ìyá Àgbà ga. Wọ́n mi orí. “Ìwà ọmọ náà ló tú u, kì í ṣe ìṣirò.”

Ní Friday, ọ̀gá náà ṣí tirẹ̀, ó gbé e ti tiwa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “So na true say na guinea fowl,” bí ẹni tí ara rẹ̀ wó. Síbẹ̀ náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó fi Bukar sílẹ̀. Ó rù hangogo, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Ó wá kí Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, ó sì sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ rí nọ́ńbà sójú mọ́. Kò padà sí yunifásítì. Àpò fóònù ló ń tà ní Custom títí di òní. Mo bínú sí i nígbà yẹn, mo ní kí wọ́n rọ̀ ọ́. Wọ́n kọ̀. “Mo lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tójú rẹ̀ rí, èmi kọ́ ló lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.”

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀gá ṣọ́jà náà ti ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n bá lára àwọn tí wọ́n kó. Ìyá Àgbà gbà láti máa wò ó. Ohun tí wọ́n ń bá níbẹ̀ ni ìṣirò ọmọ iléèwé, èsì bọ́ọ̀lù, iye ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ gba àdúrà kan. Wọ́n á kọ ọ́ síwájú ìwé, wọ́n á dá a padà. Wọn kì í sábà gbọ́ ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń rù sí i. Ìwé kan ló wá mú wọn sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ìwé kékeré ni, ó mọ bí àtẹ́lẹwọ́, orúkọ àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n nà án sí mi. “Kí lo rò pé ó jẹ́?” Mo wò ó, mo wo ara aṣọ mi. Èjìká, àyà, apá, gígùn. Ìwé ìwọ̀n télọ̀ ni. Wọn ò fi rán ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wọ kéké gbé e lọ fúnra wọn. Ọ̀gá náà wo ìwé orúkọ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ó ní ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ṣé ó ti lọ sílé ni?”

Ó mi orí pé rárá, ó sì ti ìwé náà padà sí wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àtàwọn la wá ilé télọ̀ náà kàn ní Lamisula. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò jù mí lọ púpọ̀. Àwọn ṣọ́jà ti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ohun tí wọn ò sọ fún un ni ohun tó ṣe. Ìyá Àgbà kí i ní Hausa, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní àwọn ń kọ́ni ní ìwé àṣírí, pé àwọn ṣọ́jà gbé ìwé ọkọ rẹ̀ fún àwọn kà, àwọn sì ti kà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo di ìwé náà mú súnmọ́ ojú wọn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ kan, obìnrin náà á sọ ẹni tó jẹ́: èyí ni ti ọmọ ilé kejì, aṣọ Sallah, èyí ni ti bàbá àgbà kan tó máa ń ní kó fẹ̀ dáadáa, èyí ni tèmi.

“Ṣé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀?” ló bi wọ́n nígbà tí wọ́n dé ìparí.

“Kò sí. Aṣọ ni gbogbo rẹ̀.”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Àmọ́ kò sẹ́ni tó wá sọ ọ́ fún mi.”

Oòrùn ti mú. Mo rí i pé ó ti rẹ Ìyá Àgbà mi tẹnutẹnu, mo na ọwọ́ kí n fà wọ́n dìde. Obìnrin náà jókòó tì wọ́n lórí àtẹ̀gùn.

“Ẹ tún un kà, Màmá.”

Wọ́n nu gíláàsì wọn, wọ́n ní kí n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì tún un kà.